Orúkọ Tí Màámi Kò Pè Rí

Fóònù màámi ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ga tó èèyàn, ó wé gèlè, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo kí i pé ẹ kú ilé. Ó ní kí n má wulẹ̀ kí òun, pé láti àná tí wọ́n ti ń pe òun, oorun ò kan òun lójú. Mo ní èmi náà ò sùn. Ó yà fún mi lọ́nà, mo wọlé.

Ilé wa ní Ìkìrun ni, ilé tí bàbá mi kọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ti gùn débi pé mi ò rí òpin rẹ̀, wọ́n sì to bẹ́ǹṣì kún ibẹ̀ bíi ti ọsibítù ìjọba. Àwọn ará ilé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oníkálùkù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Bó ṣe máa ń rí lójú ayé náà nìyẹn. Èmi ni àkọ́bí, ìdí kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ mi, nítorí náà kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa wọ fóònù ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tí wọn ò ní bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ òótọ́ rí. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Oyèkúnlé àbúrò mi ló wà níwájú. Àpò ìrẹsì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Àpò náà ní Oyèkúnlé ti jẹ òun nínú tẹ́tẹ́, kó ṣáà fi nọ́ńbà báńkì rẹ̀ ránṣẹ́ kíá, kí ẹlòmíràn má baà gba òun. Mo bi Oyèkúnlé pé tẹ́tẹ́ wo ló ta. Ó ní òun ò ta tẹ́tẹ́ kankan. Mo ní, o ò ta, o wá jẹ, àbí ojúkòkòrò ti sọ ẹ́ di ọmọdé ni? Mo gbé àpò náà sókè, atẹ́gùn ló wà nínú rẹ̀. Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín, ó nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì. Ó rẹ̀ mí dé inú egungun.

Màámi jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ọmọge sọ̀rọ̀. Ó ní báńkì ni òun, pé ẹnì kan ti fẹ́ wọ inú àkáǹtì màámi báyìí-báyìí, àfi kí wọ́n tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù wọn fún òun. Owó ìfẹ̀yìntì tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló wà nínú àkáǹtì yẹn. Òun ni màámi fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fáànù ò tíì parí. Ó ní kó lè dá òun lójú pé màámi fúnra wọn ni, kí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ ọkọ wọn. Màámi fi àtẹ sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi? Kí n la ẹnu pe olówó orí mi lórúkọ?"

Wọn ò pè é rí lóòótọ́. Bàbá Mopé ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí Mopé ni orúkọ mi. Bó bá sì di dandan ní ọ́fíìsì tí akọ̀wé bá béèrè, màámi á nawọ́ sí mi kí n bá àwọn sọ ọ́. Fáànù bẹ̀bẹ̀. Fáànù bínú. Ó ní àwọn máa ti àkáǹtì náà pa lónìí. Màámi ní kí wọ́n tì í. Fáànù yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ wọn pé báńkì kì í béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ èèyàn, pé ẹni tó bá ní kí o yára, kí o má sì sọ fún ará ilé, gbájúẹ̀ ni. Kò wọ̀ wọ́n létí. Èèwọ̀ ìyàwó ilé ló gbà wá. Mo jókòó sílẹ̀, mo bọ́ bàtà mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bàbá mi gba ilé ìdáná wọlé. Wọ́n wọ kakí rélùwéè wọn, wọ́n dé fìlà wọn. Ẹnikẹ́ni ò ta gìrì. Oyèkúnlé dọ̀bálẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Wọ́n jókòó ti màámi, wọ́n ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, àmọ́ àárín ẹ̀wà tó ti mọ́ ni wọ́n ń da òkúta sí. Ohùn wọn ni. Ikọ́ wọn pàápàá ni.

Wọ́n ní, "Ìyá Mopé, wọ́n ń béèrè nọ́ńbà kan lọ́wọ́ mi níbi tí mo wà. Kà á fún mi. Yára, má jẹ̀ẹ́ kí Mopé gbọ́."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ojú màámi tàn. Mi ò rí i kó tàn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi. Wọ́n pe fóònù, ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá, ó ṣí àyà rẹ̀, nọ́ńbà náà sì ń tàn níbẹ̀. Mo ní, Màámi, kì í ṣe bàbá mi nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé wọ́n ń jí ohùn gbé láyé ìsinsìnyí, pé inú fídíò àtijọ́ kan tí Oyèkúnlé gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára nígbà ìsìnkú ni wọ́n ti lè gé ohùn bàbá mi.

Màámi ní, "Mopé, lójú tìrẹ, gbogbo ayé ni gbájúẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bàbá rẹ ló wá lóòótọ́ ńkọ́?"

Mo la ẹnu, ohùn fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti já ló jáde. Kí n má parọ́, ó ń ṣe mí bíi kí wọ́n ṣáà kà á fún un, kí gbogbo wa lè lọ sùn.

Màámi wo ojú ọkùnrin náà títí. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró ró, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ kí ọkọ. Wọ́n ní, "Oyèbámijí."

Ẹ̀wà dákẹ́ nínú àtẹ. Ọjọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn rí.

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì mà. Nọ́ńbà yẹn dà?"

Màámi pa àyà fóònù dé, wọ́n dè é ní bọ́tìnnì bí aṣọ ọmọ iléèwé. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Kò bínú. Ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òun ṣì ní ilé púpọ̀ láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì gba ojú ihò iná mànàmáná wọ inú ògiri lọ.

Mo sọ fún màámi pé wọ́n ṣe dáadáa, pé owó wọn ò lọ. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ bàbá rẹ ni, wọn ì bá fò dìde, wọn ì bá bi mí pé kí ló dé. Mi ò pe orúkọ yẹn kódà nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára wọn. Mo ní tí mo bá dé ọ̀run, màá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n yíjú wò mí. Olè ló dáhùn, Mopé."

Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn. Mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí òmíràn má baà tún wọlé. Bàbá mi wà níta. Wọ́n ti sáré, wọ́n ń mí hẹlẹ, ẹsẹ̀ kan ni bàtà wà. Wọ́n ní, "Mopé, mo gbọ́ tí ìyá rẹ pè mí. Kí ló dé?"

Ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ẹ̀yìn tì í. Wọ́n ń kàn án jẹ́jẹ́. Wọn ò ní kí n yára.