Àgádágodo Pupa

Ìtàn kan náà ni ọkùnrin yìí ti ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ bíi tirẹ̀. Nílé iṣẹ́ búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ kí irun rẹ̀ tó funfun, Bàbá Àgádágodo ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ààbò. Bó bá ti kó àwọn tuntun jọ sínú yàrá ẹ̀kọ́, á gbé àgádágodo kan sórí tábìlì, á wò wọ́n yí ká, á ní, "Ọkùnrin kan wà tó gbàgbé àgádágodo rẹ̀."

Á wá ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ tó ń po fúláwà tóbi tó yàrá, pé èèyàn ló ń wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Kí onítọ̀hún tó wọlé, dandan ni kó pa ṣuwíìṣì ara ògiri, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í pa, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀, olúkúlùkù ló sì kùn ún ní àwọ̀ tó wù ú. Bí àgádágodo rẹ bá ṣì wà lára ṣuwíìṣì, máníjà fúnra rẹ̀ ò lè tan ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin inú ìtàn yìí wọlé láì tì í. Àwọn tí iṣẹ́ kàn dé, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìtàn náà ò gùn jù báyẹn lọ, àmọ́ àwọn kan wà tí kì í lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí kì í sọ fún wọn ni pé àbúrò òun, ọmọ ìyá òun, ni ọkùnrin náà.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Bó bá ti dé ibi tó ti máa sọ pé "ó gbàgbé", ìka márààrún á ká jọ, wọn ò sì ní í tú mọ́ fún wákàtí kan, wákàtí méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó kì í bọ àpò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ṣe àwàdà, ó ní ọwọ́ òun ti ya ahun, kò fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ṣọ́ọ̀kì mú títí tó fi rún, èékánná gún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí tábìlì níwájú ogún èèyàn. Wọ́n ya fọ́tò eegun ọwọ́ náà, dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ba máníjà lẹ́rù, ló bá kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ rí oníṣègùn ọkàn.

Obìnrin tó bá níbẹ̀ kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Àga méjì ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú fèrèsé kan. Kò sí tábìlì láàárín wọn, èyí sì bí i nínú, nítorí kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe, Bàbá?"

"Ẹ bá mi tú ọwọ́ mi sílẹ̀ kí n máa lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgádágodo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé ohùn sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tí obìnrin náà fi dá a dúró.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ti sọ ìtàn yẹn títí tó fi ń dán. Ẹ jẹ́ ká gbé e tì ná. Kí ni ara yín ń ṣe báyìí?"

"Ara mi jókòó."

"Ìdí yín ló jókòó. Èjìká yín ńkọ́?"

Ó wo ara rẹ̀. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti gòkè dé ẹ̀bá etí, bíi tẹni tí òjò ń pa. Ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n sì tún gòkè padà.

"Inú ló ń bí mi," ló wí.

"Mo rí i. Ẹ fi ibi tó wà hàn mí."

Àgbàlagbà yìí fẹ́ dìde. Àtìgbà tó ti ń bínú láyé, kò sí ẹni tó bi í pé níbo. Síbẹ̀, ó wá a, bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ tá nǹkan nínú òkùnkùn, ó sì kàn án lábẹ́ egungun ìhà.

"Ó tutù," ló wí, ohùn ara rẹ̀ sì yà á lẹ́nu. "Ó dà bí irin. Kò tóbi. Ó lè wọ àpò."

Kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ "àpò" yẹn fi já a láyà. Òógùn bò ó lójú kan náà. Obìnrin náà rí i, kò sì tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kó máa mí, kó wo ojú fèrèsé kó sọ ohun tó bá rí níta.

"A ò ní í sáré," ló sọ fún un nígbà tó ń sìn ín jáde. "Bí ara bá gbé nǹkan pamọ́, ó nídìí tó fi gbé e pamọ́."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ mọ́ ara ògiri. Bàbá Àgádágodo gbé awò ojú wọ̀, ó kà á wálẹ̀, ó sì bá orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí olóògbé fi sáyé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, kì í sì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un tẹ́lẹ̀.

Ó lọ bá máníjà pé kí ẹlòmíì bá òun kọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ta ló máa sọ ọ́ bíi yín?" ni máníjà wí. "Ọmọ náà ti dàgbà. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á dúró níwájú ọmọ tó gbé pọ̀n sẹ́yìn rí, á sọ fún un pé àìbìkítà ló pa bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi bò fún ara rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni ọwọ́ yẹn, nítorí ó ti ń dà bíi pé ọwọ́ náà mọ nǹkan tóun ò mọ̀.

Nígbà kẹta tó lọ, oníṣègùn náà ní, "Ẹ má bá a jà lónìí. Ohun tó bá fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ kàn máa wò ó. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ wo fèrèsé."

Ọwọ́ náà dì bó ṣe máa ń dì. Lẹ́yìn náà, ó gbéra díẹ̀díẹ̀ láti orí itan rẹ̀, ó dúró ní déédéé àyà. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pàdé, bí ẹni di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú. Wọ́n yí sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ náà fa nǹkan wálẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò.

Nínú àpò yẹn ló ti tú. Ìka márààrún ṣí sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

"Kí ló ń ṣe, Bàbá?" Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ó ń ṣí i," ló dáhùn. "Olúwa mi. Èmi ni mo ṣí i."

Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ kú, fèrè agogo méjì ọ̀sán tí wọ́n fi ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ ti fọn. Bàbá Àgádágodo ń bọ̀ láti òkè, ó rí àgádágodo pupa àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń fì lára ṣuwíìṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí tún ti gbé orí rẹ̀ sílé. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ọ́fíìsì ni kọ́kọ́rọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti jọ ṣe pàṣípààrọ̀ tiwọn tipẹ́tipẹ́. Àbúrò a máa lọ sílé láì ṣí àgádágodo rẹ̀, ẹ̀rọ ò ní í lè ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fún un ní kúẹ̀rì, ni ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń bá a ṣí i. Ìgbà mẹ́fà ló ti ṣe é, kò sì sí láburú kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òtítọ́: ta ni kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀? Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń pariwo, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ṣí i, ó jù ú sápò, ó ń lọ fọ ọwọ́. Kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi tan èyí tí àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Fèrèsé, Bàbá. Kí lẹ rí níta?"

"Wáyà iná," ló wí. "Ẹyẹlé kan. Aṣọ tí wọ́n sá." Ó wá bú sẹ́kún, àgbàlagbà yìí, ó ń sunkún tikun tikun. Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í títí ó fi sunkún tán.

Nígbà tó délé, tààrà ló lọ sídìí àpótí irin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù iṣẹ́ àtijọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àgádágodo pupa sì wà nínú àpò ẹ̀wù náà, fúláwà ti gan mọ́ ojú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Kì í sì í ṣe pé ó rántí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbálẹ̀ yí àpótí yẹn ká láì ṣí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ wá kí i. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì yọ àgádágodo tuntun kan jáde látinú báàgì rẹ̀ kí bàbá bá òun wò ó. Ó ti kùn ún ní pupa.

"Ẹ bá mi tọ́jú èyí, Dádì Ńlá," ló wí, ó ń na kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sí i. "Kọ́kọ́rọ́ kejì ni. Màmá ní ẹ̀yin ni kí n fún, pé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin àti dádì mi ṣe máa ń ṣe é."

Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ yẹn, ohun tó ti sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti sunkún. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Bí irin tútù yẹn ṣe kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ báyìí, ìka márààrún dì mọ́ ọn.

Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ọ̀hún. Kò wojú rẹ̀ rárá.

"Kí lò ń wò?"

"Màmá ló ní bí mo bá ti fún yín, kí n wo ọwọ́ yín dáadáa."

"Kí ni wọ́n ní o máa rí níbẹ̀?"

"Wọn ò sọ, sà. Wọ́n kàn ní kí n wá sọ ohun tí mo bá rí fáwọn."

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó jókòó ti fóònù fún ìgbà pípẹ́ kó tó tẹ ìyàwó àbúrò rẹ̀ láago. Obìnrin náà gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́, Bọ̀dá?"

"Mo ti gbà á. Ìyàwó, ó ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ fún mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹ̀wù rẹ̀," ni obìnrin náà wí, bí ẹni ń ka ìwé. "Mo wá àgádágodo rẹ̀ títí. Kò sí níbi iṣẹ́, kò sí nílé. Wọ́n ní kò tì í. Bí kò bá tì í, ibo ni àgádágodo náà gbà lọ? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí yín."

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Bí mo bá bi yín, ẹ máa sẹ́. Bí ẹ bá sì ti sẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní í sọ ọ́ mọ́ títí ẹ fi máa kú. Ọ̀la lọmọ mi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ níwájú wọn, ó máa sọ fún mi."

Ó pa fóònù.

Bàbá Àgádágodo mọ̀ pé iṣẹ́ lè lọ, pé wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú òun. Ó tún mọ̀ pé bóun bá sọ ìtàn tóun ti ń sọ tẹ́lẹ̀, ọmọ náà á padà sílé lọ jábọ̀, òun ò sì ní í ní ẹbí mọ́ láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èèyàn méjìdínlógún ló jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà ní iwájú pátápátá, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tuntun tí apá rẹ̀ gùn jù fún un. Bàbá Àgádágodo gbé àgádágodo tó kún fún fúláwà gbígbẹ sórí tábìlì. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ọmọ náà fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí oníṣègùn ṣe kọ́ ọ. Ohun tútù yẹn ṣì wà lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọkùnrin kan wà," ló wí, "tí kò gbàgbé àgádágodo rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ pé àbúrò òun ni, ó sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun pè é. Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tó parí, ọmọbìnrin náà dìde. Ó rìn wá sídìí tábìlì, ó wo àgádágodo pupa àtijọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó fi sínú àpò, ó sì padà lọ jókòó.