Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

“Lawrence, ta ló jókòó síbí?”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Kọ́lájọ ti wà nínú ọkọ̀ náà kí ó tó béèrè. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló ń wò. Nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, ìjókòó náà nàró gangan. Wọ́n ti wá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn báyìí, ó kù díẹ̀ kó dà bíi bẹ́ẹ̀dì. Òórùn kan sì wà nínú ọkọ̀ náà tí kì í ṣe ti epo, tí kì í ṣe ti ọ̀dà. Ó jọ òórùn oògùn, ó tún jọ òórùn páúdà obìnrin.

Lawrence dúró lẹ́bàá ògiri páànù, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. “Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Mo fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi ń wọlé.”

“Ṣé omi wọlé?”

“Rárá.”

“Kí ló dé tí o ò dá a padà?”

“Mo gbàgbé ni.”

Lawrence kò wo ojú rẹ̀. Kọ́lájọ na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ń gbé orí lé, ó fa fọ́nrán òwú dúdú kan yọ, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń di irun. Ó ká a mọ́ ìka, ó sì tì í bọ àpò.

Ọmọ Ayétòrò ni Kọ́lájọ. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe lórí pèpéle tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun. Tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, á lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílùú rẹ̀ ló ti ra Sẹ́líkà náà, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì tó ti gbó, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Nítorí pé títì kò dé Ayétòrò, ó gba ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù kan sí Igbókọ̀dá, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí tí ti ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti Lawrence mẹkáníìkì ti ń tún un ṣe láti ọdún mélòó kan. Wọ́n gé irin tó ti jẹrà kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, Kọ́lájọ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọ́n kùn ún ní pupa. Wọ́n lẹ dúdú mọ́ gíláàsì rẹ̀. Wọ́n fi awọ wé sítíárìn rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ síléńsà rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ki.

Kò fi ṣe kábúkábú, kò sì fi gbé ìyàwó rẹ̀ jáde rí. “Tí mo bá parí ẹ̀, gbogbo yín lẹ máa wọ̀ ọ́,” ló máa ń wí fún àwọn ará ilé. Iṣẹ́ náà kò sì parí. Bí ó bá ṣe èyí tán, á tún rí òmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wọ bóòtù lọ sílé. Òkun tún ti gbé ilé kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọdé sì ń ta òkòtó lórí ìpìlẹ̀ tó kù. Ọmọ́yẹlé, ìyàwó rẹ̀, ń yí ẹja lórí iná.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Hánà. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Ǹjẹ́ o dé Igbókọ̀dá láìpẹ́ yìí?”

Ọmọ́yẹlé yí ẹja kan, ó tún yí òmíràn. “Kí ni màá lọ ṣe níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀ ń rí ẹja tó wà nílẹ̀.”

Kọ́lájọ wo irun rẹ̀. Òwú dúdú ló fi dì í. Ó kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn kọ́tìnì bó ṣe máa ń ṣe. “Màmá, mo ti dé o.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Ara ló ń ro mí díẹ̀, ni mo ṣe dùbúlẹ̀.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé, lórí fóònù, ó rọra ń sọ̀rọ̀. “Ó ti dé... Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ṣì wà nílé ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ yẹn ò ní ṣeé lò. Ẹ má pè mí o. Èmi ni màá pè yín.”

Kọ́lájọ yọ sí i. “Ta nìyẹn?”

“Morónkẹ́ ni.”

“Morónkẹ́ àbúrò rẹ lò ń bá sọ ‘ẹ’?”

“Òun àti ọkọ rẹ̀ ni mo jọ ń bá sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ wẹ̀, Kọ́lájọ mú fóònù obìnrin náà lórí tábìlì. Nọ́ńbà Lawrence ló pè kẹ́yìn. Ó gbé fóònù náà padà síbi tó ti mú un, ó sì tún un gbé kí ó lè rí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́. Ó ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń bu ọbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ ku ọ̀la, ó pa irọ́ kan fún wọn. Ó ní ilé iṣẹ́ ti pe òun, pé ẹnìkan ṣàìsàn lórí pèpéle, àfi kí òun padà kíákíá. Ojú Ọmọ́yẹlé ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì rí i kedere pé ara tù ú. Ó bá a di báàgì rẹ̀. Ó tiẹ̀ yára dì í.

“Kọ́lájọ,” ni ìyá rẹ̀ ké láti inú yàrá, “wọlé wá kí n gbàdúrà fún ọ.”

“Màmá, bóòtù ń dúró dè mí. Ẹ máa gbà á fún mi níbẹ̀.”

Ilé Olówòkéré ló lọ sùn sí ní Igbókọ̀dá. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni, ọ̀kadà ni Olówòkéré ń gùn jẹun báyìí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí.

“Mi ò fẹ́ da ilé onílé rú,” ló wí. “Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tí o ò bá sí nílé, mo máa ń rí Lawrence tó ń wa ọkọ̀ pupa yẹn lọ sí etí omi. Obìnrin kan á bọ́ sí ẹ̀yìn, èmi á sì ti kọjá.”

“Ẹ̀yìn kẹ̀? Kí ló dé tí kò jókòó síwájú?”

“Ẹni tó ń sá fójú ayé, ṣé iwájú ló máa jókòó sí? Ẹ̀yin náà lẹ lẹ dúdú mọ́ gíláàsì. Mi ò rí inú rẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ba sí ẹ̀yìn ìsọ̀ kan tó kọjú sí ṣẹ́ẹ̀dì. Lawrence dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ọkọ̀ jáde jẹ́jẹ́ bí olè. Ọ̀kadà Olówòkéré kọ̀, kò tètè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé etí omi, ọkọ̀ ti lọ. Ọ̀nà Òkìtìpupa ni àwọn èèyàn nawọ́ sí.

Lórí ọ̀kadà, Kọ́lájọ ń ro gbogbo ìgbà tí òun àti Lawrence jọ jẹun nínú abọ́ kan náà lábẹ́ páànù yẹn. Ó ń ro bí Lawrence ṣe máa ń béèrè pé, “Ìyá Hánà ńkọ́?”, tí òun á sì dáhùn láìfura. Ní Òkìtìpupa, obìnrin kan tó ń ta epo nínú jálá sọ fún wọn pé, “Ọkọ̀ pupa tó ń hó yẹn? Inú ọgbà ilé ìwòsàn ló máa ń wọ̀.”

Olówòkéré bojú wẹ̀yìn wò ó. “Ilé ìwòsàn kẹ̀? Àbí oyún...” Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kọ́lájọ sì ti parí rẹ̀ nínú ọkàn.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà. Lawrence jókòó sí orí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kọ́lájọ kò dúró kí ọ̀kadà dúró tán tó fi bọ́ sílẹ̀. Ó dì í mú lọ́rùn ẹ̀wù.

“Ìyàwó mi dà? Mo fi ọkọ̀ mi sí ìkáwọ́ rẹ, o mú ọkọ̀, o tún mú ìyàwó mọ́ ọn. Oyún ta lẹ wá yọ níbí?”

Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú. Nọ́ọ̀sì kan dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Lawrence kò jà. Ó di ọwọ́ Kọ́lájọ mú, ó rọra já a kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

“Ìyá yín ló wà nínú ilé,” ló wí. “Ìyàwó yín wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ bá wọn.”

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ti ṣẹ́ẹ̀dì nínú àpò, ó fi méjèèjì sí ọwọ́ Kọ́lájọ, ó sì pa ọwọ́ náà dé fún un. Ó lọ gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Olówòkéré.

Ọmọ́yẹlé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí tí Kọ́lájọ fi wolẹ̀.

“Kí ló ṣe Màmá?”

“Kókó ló yọ nínú ọmú wọn. Nígbà tí ẹ wà lórí omi ni wọ́n gé e. Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀.” Kò gbé ohùn sókè. “Mọ́tò la kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹnìkan fi ìgúnpá gbá wọn lójú ọgbẹ́, wọ́n dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lọ bá Lawrence. Ó kọ̀, ó ní ẹ ò ní fẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo sunkún, kó tó gbà. Orí ìjókòó iwájú ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí, èmi máa ń jókòó sẹ́yìn kí n lè di èjìká wọn mú.”

Wọ́n mú ìyá jáde. Ó ti rù. Kọ́lájọ kò mọ ìgbà tó rù tó bẹ́ẹ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ sókè nínú aṣọ, irun rẹ̀ tí Ọmọ́yẹlé fi òwú dì ti funfun tán.

“Ṣé wọ́n ti wá sọ fún ọ?” ni ìyá wí. “Má bínú sí wọn. Èmi ni mo mú wọn búra. Ṣé ọmú ni màá wá máa ṣí han ọmọ mi ọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n?”

“Màmá, èmi kọ́ ni mo mu ún ni?”

“Ìwọ ni. Mo sì ti já ọ lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì dùn ún. “Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ fún ọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́tìnì lo máa ń dúró sí.”

Kọ́lájọ ló wakọ̀ padà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ọkọ̀ òun ṣe le tó. Òun fúnra rẹ̀ ló ti gé sípíríìngì rẹ̀ kúrú kí ọkọ̀ náà lè lẹ̀ mọ́ títì bíi ti àwọn tó ń sáré ìje. Gbogbo kòtò ni ìyá ń gbà sára. Kò ké, ó kàn ń fa èémí gùn, Ọmọ́yẹlé á sì na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mú èjìká rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sílé Lawrence, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lẹ̀gbọ́n. Lawrence sáré gbé e dìde.

“Mo ti dárí jì yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ṣẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́, mi ò sì ní wa ọkọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ó ti dé etí ìyàwó mi, òun náà sì ti ń wo fóònù mi.”

Kọ́lájọ lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, òun nìkan sì tú sípíríìngì tó gé, ó wá odidi mìíràn tó rọ̀ jáde láàárín àlòkù irin, ó fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí adìyẹ tí òjò pa. Ó wò ó, ó sì tilẹ̀kùn.

Ó wá bẹ Ọmọ́yẹlé kó bá òun dé Òkìtìpupa, láìsí Màmá. Ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè ìdí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń kí i, kò sì bá a sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ló jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí.

“Sọ ibi tó máa ń dùn wọ́n fún mi,” ni Kọ́lájọ wí.

Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń yà wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ eré tó ń rá pálá ṣe yẹ̀yẹ́. “Níbí,” ni Ọmọ́yẹlé wí níbi afárá. Kọ́lájọ yà sí òsì, wọ́n kọjá. “Níbí náà.” Ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn wò. “Ibí yìí ni wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú,” ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì tẹ́jú, Kọ́lájọ pa ọkọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí ká, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀.

“Màá padà sórí omi,” ló wí. “Lawrence ò sì ní wa ọkọ̀ yìí mọ́. Lọ jókòó lọ́hùn-ún.”

“Èmi?”

“Ìwọ ni o mọ ọ̀nà náà.”

Ọmọ́yẹlé wò ó pẹ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Kọ́lájọ kò sì béèrè. Mọ́tò kan kọjá, eruku rẹ̀ bò wọ́n, ó sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ọmọ́yẹlé bọ́ sílẹ̀, ó lọ jókòó sídìí sítíárìn, ó fa ìró rẹ̀ sókè lókè orúnkún, ó sì bojú wo ìsàlẹ̀.

“Èwo ni bíréèkì nínú wọn?” ló béèrè.