Ìlà Ẹ̀yìn Jennifer

Ìlà tó wà lẹ́yìn Jennifer gùn débi pé ẹni tó kẹ́yìn rẹ̀ ti bọ́ sí kọ̀rídọ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógún! Ẹ̀yìn Ìléríolúwa, mẹ́jọ péré. Àkọlé ẹ̀kọ́ àárọ̀ náà, "Ìjọba Tiwa-n-tiwa", ṣì wà lójú pátákó. Tíṣà wọn, Àǹtí Morọ́lá, ló ní kí wọ́n tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ní mọ́nítọ̀.

"Mọ́nítọ̀ tuntun rèé o!" Morọ́lá na ọwọ́ Jennifer sókè.

Àtẹ́wọ́ ò tíì rọlẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, ọ̀gá ilé-ìwé, fi yọjú lójú fèrèsé. Ó pe Morọ́lá síta.

"Ìyá Ìléríolúwa ni alága ẹgbẹ́ òbí. Ṣé ọmọ Íbò ni kó wá máa kọ orúkọ ọmọ wọn mọ́ aláriwo? Ní Ìsọlọ̀ níbí?"

"Jákàńdè níbí ni wọ́n bí i sí, sà."

Ọmọ tí kò dé ilẹ̀ Íbò rí, tó mọ Yorùbá í fi bú èèyàn ju Ìléríolúwa lọ!

"Ẹ tún un dì. Àbí kí n fún ẹlòmíì ní kíláàsì yẹn?"

Ẹnu Morọ́lá tó máa ń mú bí abẹ kú. "Ó dáa, sà" nìkan ló já bọ́ níbẹ̀.

Wọ́n tún ìbò dì. Jennifer ní mọ́kànlélógún. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá mirí lójú fèrèsé.

"Àwọn kan ò dúró dáadáa," Morọ́lá parọ́. "Ẹ tún un ṣe."

Fawziyyah, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélé, bọ́ síta nínú ìlà. "Àǹtí, ṣebí Jennifer ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì!"

"Panu mọ́!"

Fawziyyah padà sínú ìlà. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo ojú Morọ́lá, bí ìgbà tí wọ́n ń da nǹkan kọ lójú pátákó. Jennifer ló kọ́kọ́ rìn. Ó kúrò láyè rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn Ìléríolúwa, ó nà gbọọrọ. Fawziyyah tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò pariwo, wọn ò ti ara wọn, títí ìlà kan ṣoṣo fi kù nínú kíláàsì.

Ojú fèrèsé ti ṣófo.

"Àǹtí," Fawziyyah rọra béèrè, "ṣé a ti gbà á báyìí?"

Ohùn kan náà tó máa fi ń béèrè bóyá ìṣirò òun tọ̀nà ni.