Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Ìgò Mi?

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ni obìnrin télọ̀ kan ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Àtọ̀gbẹ irú kìíní ló ní, èyí tí ara kì í ṣe ínsúlínì tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, àfi kéèyàn máa gún un sára lójoojúmọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì mọ ara rẹ̀ bó ṣe mọ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bó bá jí, á gún ìka, á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, á ro iye oúnjẹ tó fẹ́ jẹ, á fa ínsúlínì tó bá a mu, á sì gún un sí itan ọ̀tún. Ojú kan náà ló máa ń gún, torí kì í dùn ún níbẹ̀ mọ́. Ọgọ́fà, bí ó pọ̀ tán àádóje, ni ẹ̀rọ máa ń kà fún un. Dókítà a máa fi í ṣàpẹẹrẹ fáwọn aláìsàn yòókù.

Àfi ìgbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ kó dé.

Ọmọbìnrin náà ríṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì kan tí kò jìnnà sí wọn, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, bá ní kó wá gba yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, télọ̀ bá sọ ọ́ ní Opéléńgẹ́. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó di ọgọ́sàn-án, ó di igba, ó di òjìlúgba. Télọ̀ dín oúnjẹ kù, ó fi kún oògùn, pàbó ló já sí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ran ṣòkòtò oníbàárà, ọkàn rẹ̀ ń ran nǹkan mìíràn. Ta ló ń po tíì láàárọ̀? Opéléńgẹ́. Ta ló ń ti ibi iṣẹ́ dé tí ṣúgà lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ bí eruku? Opéléńgẹ́. Ta ló máa ń yọ́ lọ sídìí fìríìjì tó bá rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun? Òun náà ni.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

Káfíńtà wò ó títí. "Kí ni àbúrò mi fẹ́ fi ṣúgà ara ẹ ṣe? Ṣé tilé búrẹ́dì ti tán ni?"

Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Opéléńgẹ́ gbé tíì síwájú rẹ̀. Télọ̀ dúró títí ọmọbìnrin náà fi jáde, ó wá tọ́ ọ wò. Kò dùn rárá. Dípò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ńṣe ló ní, "Háà, ó ti mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun." Ó da tíì náà nù.

Ó wá so òwú pupa mọ́ ìgò ínsúlínì, ní déédéé ibi tí oògùn mọ, ó gbé e sára ìlẹ̀kùn fìríìjì. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ìgò ti kúrò níbẹ̀, ó ti dé àárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn inú rẹ̀ kò dín sí òwú.

"Opéléńgẹ́, ta ló fọwọ́ kan ìgò mi?"

"Èmi ni, ìyàwó wa. Mo nu fìríìjì."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Ṣé ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Opéléńgẹ́ dáhùn, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ojú tó yí yẹn ló mú kó dá télọ̀ lójú. Wọ́n ti da oògùn òun nù, wọ́n ti rọ omi sí i! Ó gbé ìgò náà jù nù. Ó mú ìgò tuntun, ó fi àjákù aṣọ wé e, ó tì í sẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ibi tí yìnyín máa ń gbára jọ sí, ó wá fi ẹran dí i lójú. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ẹnì kan. Ìfura loògùn àgbà, àbí?

Oògùn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bó bá fẹ́ lò ó, á di ìgò náà mú lọ́wọ́ títí díẹ̀ nínú rẹ̀ á fi yọ́, á fà á, á sì dá a padà. Ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ka ọ̀ọ́dúnrún. Ọjọ́ kẹta, irinwó ó lé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìtọ̀ kò jẹ́ kó rímú mí, ó sì ń bì. Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: Opéléńgẹ́ ti rí ibi tí mo fi í pa mọ́ sí.

Ọjọ́ Sátidé ni, káfíńtà ti lọ sí ibi iṣẹ́. Télọ̀ fara ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi fẹ́ pa mí?"

Opéléńgẹ́ fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn èémí rẹ̀, ó ń rùn bí èso tó ti pọ̀n jù. "Ìyàwó wa, ẹ bú mi lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

"Mi ò bá yín lọ síbì kankan!"

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Opéléńgẹ́ gbá a mú, ó ké pe aládùúgbò tó ní mọ́tò, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Omi ni wọ́n fà sí i lára, pẹ̀lú ínsúlínì díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kí wọ́n mú ìgò oògùn ilé wá. Káfíńtà ti wá a tì. Télọ̀ wo ilẹ̀, ó wá sọ ibi tó wà.

Opéléńgẹ́ ló lọ mú un. Nọ́ọ̀sì tú àjákù aṣọ náà, ó gbé ìgò sójú ìmọ́lẹ̀. Yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ínsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́," ó wí. "Bó tiẹ̀ yọ́ padà, kò wúlò mọ́. Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Télọ̀ fa aṣọ ìbora bojú. Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kan itan ọ̀tún rẹ̀. "Ibí yìí ti le bíi kókó. Ṣé ojú kan ni ẹ máa ń gún ṣáá? Ibi tó bá ti le báyìí kì í gba oògùn dáadáa. Ó jọ pé ibí ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ojú."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, télọ̀ béèrè lọ́wọ́ Opéléńgẹ́: "Kí wá ni ẹ máa ń wá nídìí fìríìjì?"

"Ìwé tó wà nínú páálí oògùn yín ni mò ń kà. Ẹ̀rù ń bà mí pé àìsàn náà lè dé sí yín nígbà tó bá ku àwa méjì nílé. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i, kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń kà yín sí aláìsàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mo ti gbọ́," ni Opéléńgẹ́ sọ. Kò sọ pé òun ti gbàgbé.

Ó tó oṣù kan kí àárín àwọn méjèèjì tó tún gún. Télọ̀ ń pààrọ̀ ojú, ikùn lónìí, apá lọ́la, ṣúgà sì sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kọ́ Opéléńgẹ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

"Bí ẹ bá ti rí i pé mò ń sọ ìsọkúsọ, ẹ kọ́kọ́ wo ṣúgà mi."

"Tó bá wá jẹ́ ọgọ́fà, tí ẹ ṣì ń bú mi ńkọ́?"

"Ẹ bú mi padà nígbà yẹn."

Opéléńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí télọ̀ na ìka wá, kí òun gbìyànjú rẹ̀ wò.