Pálọ̀ Ni Ẹ̀gbọ́n Máa Jókòó Sí

Ìyá ọkọ mi kò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò sì gbọ́ràn mọ́ rárá. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Màmá á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Bàbá á ní, "Ẹẹ́n?" Màmá á tún un sọ. Bàbá á ní, "Ta nìyẹn?" Kó tó di pé wọ́n jọ pa fóònù, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ìkíni yẹn àfi ẹni tí wọ́n ń kí. Nígbà tó yá, Màmá gbé fóònù jù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ibi tí Bàbá ń gbé jìnnà, àwọn méjèèjì ò sì lè rìnrìn àjò mọ́.

Gbogbo ẹni tó ṣáájú Màmá nínú ẹbí wọn ló ti lọ tán, ó ku Bàbá yìí nìkan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń bá a gé èékánná, ó sọ fún mi pé, "Gbogbo yín lẹ̀ ń pè mí ní ẹ̀yin. Àlejò, dókítà, ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà: ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ lanu. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè wí pé, 'Ìwọ, wá ńbí.' Mo fẹ́ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ, èékánná ni mo tẹjú mọ́.

Mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi, ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ó ń ya fídíò ìgbéyàwó, ó ń gé e, ó ń tò ó. Dàrẹ́kítọ̀ ni àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn sì ti gùn ún lórí díẹ̀. Ó bẹ ọmọ Bàbá pé kó ya fídíò Bàbá, kí Bàbá máa bá Màmá sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Fídíò náà dé ní wẹ́wẹ́, ọkọ mi tò ó pọ̀ di odindi, ó ní inú àpótí fíìmù tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ la ti máa gbé e jáde, kí Bàbá lè tóbi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àárọ̀ kùtù ni Màmá ti wẹ̀. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ síbi pàtàkì, ó fi lọ́fínńdà sí ọrùn, ó jókòó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí kò rí. "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀," ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin náà ti dé. Ọ̀gá iléèwé ni. Nínú ọkàn mi, Àǹtí Mo-Mọ̀-Ọ́n ni mò ń pè é, nítorí Ọlọ́run ò tíì dá ohun tí kò mọ̀.

Ọkọ mi ki fíláàṣì tó kó fídíò náà sí bọ àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ rìmóòtù. Àpótí ronú títí, ó wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò lè ṣí irú fídíò yìí.

"Fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu," Àǹtí wí.

Ọkọ mi fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àpótí fárígá. Ọkọ mi bá padà sí yàrá ẹ̀yìn lọ tún kó fídíò jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: téèyàn bá tò ó tán, ó ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà irú aṣọ tó máa wọ̀ fún un kó tó jáde, torí kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti ń gba gbogbo aṣọ wọlé. Èyí yé mi. Aṣọ ni mò ń fọ̀ tí mò ń lọ̀ fún àwọn èèyàn, yàrá ẹ̀yìn yẹn sì ni mò ń sá a sí. Láàárín ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò olóṣòkòtò ni Dàrẹ́kítọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, àpótí gbà. Bàbá yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sórí àga, ó na ìka sí wa, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan.

"Màmá, ẹ wo bó ṣe mọ́ gaara!" inú ọkọ mi ń dùn. "Ẹ wò ó, a lè ka irun imú Bàbá!"

"Kí ni mo fẹ́ fi irun imú ṣe?" Màmá wí. "Kí ló ń sọ?"

Àǹtí gba rìmóòtù, ó fa ohùn sókè títí tí kò fi níbi tó ń lọ mọ́. Bàbá ṣì ń lanu lásán. Àǹtí ní wáyà ni, a yọ wáyà, a tún un kì. Àǹtí ní kí a pa gbogbo ẹ̀ kó sinmi, a pa á, ó sinmi, ó jí, kò sọ̀rọ̀. Ọkọ mi wá ní ká dán fíìmù mìíràn wò, bóyá sípíkà ló kú. Obìnrin kan tó ń ké nínú fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde sí àárín wa. Mo da omi tí mo gbé lọ́wọ́ sára Àǹtí, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mí. Sípíkà ò kú.

Ọkọ mi sáré lọ dán fídíò náà wò lórí kọ̀ǹpútà. Láti pálọ̀, a ń gbọ́ kíkùn kan fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn. Bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún.

"Kò tán?" mo ní. "Ẹ jẹ́ ká mú Màmá lọ síbẹ̀."

"Lọ síbo?" Màmá dìde jókòó dáadáa. "Sí yàrá aṣọ? Kí ẹ̀gbọ́n mi máa bá mi sọ̀rọ̀ láàárín ṣòkòtò àwọn èèyàn? Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbà lálejò lẹ́yìnkùlé. Pálọ̀ ló máa jókòó sí."

"Ṣé ká gbé e sórí fóònù, mà?" Àǹtí bi í jẹ́jẹ́.

"Inú fóònù! Ó ti wá di kòkòrò inú páálí ìṣáná nìyẹn. Pálọ̀, mo wí."

Nígbà tí Màmá bá ti ní "mo wí," ọ̀rọ̀ ti tán nílé wa. Ọkọ mi padà sẹ́yìn. Mo tẹ̀ lé e. Ọ̀pá kékeré tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lójú kọ̀ǹpútà ń rákò bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Òógùn bo ọkọ mi, ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mi nu ojú, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a máa fi gbé èyí náà dé pálọ̀, àwòrán tún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ohùn ò sí.

Màmá ò bínú mọ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Háà! Màmá, wọn ò kú o!"

"Ẹni tó wà láyé máa ń ní ohùn. Fíìmù yín ní ohùn, obìnrin tó ń ké ní ohùn, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò ní. Àwòrán òkú ni mò ń bá jókòó. Ẹ má fi pamọ́ fún mi."

A búra, a bẹ̀bẹ̀, kò gbà. Ó sọ pé tí òun kò bá gbọ́ ọ báyìí, òun á wọlé lọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀. Àǹtí bá fà wá lọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ní ọpọlọ òun ti ṣiṣẹ́. Kí ọkọ mi lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó máa fi ohùn Bàbá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohùn Bàbá sín jẹ bí i ọkọ mi. Láti kékeré ló ti ń fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Èmi á máa jùwọ́ sí ẹ tí Bàbá bá ti lanu," Àǹtí wí, "kí ẹnu àti ọ̀rọ̀ lè bára mu."

"Àǹtí, ta ló fẹ́ rí i pé kò bára mu?" mo bi í.

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ tí èèyàn bá máa ṣe, kó ṣe é dáadáa."

Báyìí ni Dàrẹ́kítọ̀ odindi ṣe wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, tí bàtà rẹ̀ yọ síta nísàlẹ̀. Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Àǹtí jùwọ́. Ọkọ mi húkọ́, ikọ́ Bàbá gẹ́lẹ́ ni, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn tí í parí sí imú. Màmá na ọrùn. Ọkọ mi ní, "Hẹ̀n-ẹn! Hẹ̀n-ẹn!" Ojú Màmá ti ń tàn. Ó kù kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "ìwọ," kí gbogbo wa fi lọ jẹun.

Àǹtí ń jùwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo rí i tí kọ́tìnnì ń gbọ̀n. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni ọkọ mi, tí ìyá rẹ̀ fi ìgbátí kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀ kò ṣí. Nígbà tó máa wá ṣí, pẹ̀lú ohùn líle Bàbá, ó ní:

"Ẹ... ẹ káàsán, mà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tilẹ̀ kúrò nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi wo ló ń kí mi ní mà?" Màmá bèèrè. Ó tú aṣọ orí rẹ̀, ó gbé e sórí itan, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ láìsí ariwo. "Ó ti kú lóòótọ́. Kò tún sẹ́ni tó kù."

Ọkọ mi jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Inú bí mi. Ó bí mi sí i, ó bí mi sí Àǹtí, ó bí mi sí àpótí dúdú yẹn. Mo fà á dìde, mo tì í lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Kí lo yàn fún ohùn?" mo bi í. "Ní aṣọ tó o wọ̀ fún fídíò yìí, kí lo yàn fún ohùn?"

"Èyí tó dára jù ni. Irú èyí tí wọ́n ń lò nílé sinimá. Ó ń ti ibi mẹ́fà jáde: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì..."

"Sípíkà mélòó ló wà ní pálọ̀ wa?"

Ó wò mí. "Méjì. Ti inú tẹlifíṣọ̀n."

"Bàbá kan ṣoṣo! Ẹnu kan ṣoṣo, tí eyín ò pọ̀ nínú ẹ̀, lo fi ohùn ẹnu mẹ́fà sí? Ṣé àpótí yẹn tiẹ̀ mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní torí Màmá ni, kó jẹ́ èyí tó dára jù," ó ń kùn.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ó yí i padà sí ohùn lásán, irú èyí tí gbogbo àpótí mọ̀, ó sì dín bí àwòrán náà ṣe mọ́ kù. Ọ̀pá kékeré náà sáré lọ́tẹ̀ yìí. A gbé fíláàṣì lọ sí pálọ̀. Màmá ò yí ojú sí wa. Ọkọ mi tẹ rìmóòtù, kò sì sí ìkankan nínú wa tó rántí pé Àǹtí ti fa ohùn lọ sí òkè téńté.

"ÌWỌ!"

Gíláàsì orí tábìlì mì. Ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Àǹtí já rìmóòtù gbà, ó fa ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò mọ̀, adití ni, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Wọ́n ní o ò ríran mọ́. Èmi náà ò gbọ́ràn. Tí wọ́n bá pa àwa méjèèjì pọ̀, a ó ṣì di odidi èèyàn kan. Wọ́n sì ní ò ń da ìyàwó ilé láàmú. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Mo ní kí wọ́n dá ibẹ̀ yẹn padà kí n tún un gbọ́. Màmá ti sún síwájú lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ṣì ń ṣàn. Mi ò rí i kó kéré bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá húkọ́. Ó wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbójú sókè.

"Gbọ́ mi o. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Èmi ni mo kọ́kọ́ rìn, èmi ni mo kọ́kọ́ hu eyín, èmi náà ni mo kọ́kọ́ ká a. Èyí tó kù yìí náà, èmi ni màá kọ́kọ́ lọ. Tò sẹ́yìn mi. Má ṣe já ìlà mọ́ mi lójú. Ṣé o gbọ́?"

Àwòrán dúró síbẹ̀. Màmá, tí gbogbo ilé ń sá fún, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, na ọwọ́ síbi tí ohùn náà ti wá.

"Mo gbọ́, sà," ó wí. "Ẹ má kánjú, ṣá."