Ìyá Tó Dé Ẹnubodè

Ìpàdé òǹkọ̀wé kẹrin nìyí tí wọ́n pe Deborah Akínọlá láti wá sọ̀rọ̀, ó sì ti mọ ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ẹni tó ń kọ ìtàn ìyanu bí ẹni mọ orin ìjọsìn. Wọn á ní, "Ṣé àlá lẹ máa ń lá ni?" Wọn á ní, "Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín, ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú gbogbo iwin yẹn?" Ní Ìbàdàn, ìkángun tábìlì ni wọ́n fi í sí, máìkì kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí ìpàdé fi túká. Ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin kan dìde bi í bóyá ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó ń kọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ti ọdún 1991 yìí kò jìnnà sílé. Gbọ̀ngàn kan nítòsí Ìyànà-Ìbà ni. Dókítà Ìgè tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí i: òun ni ilé ìtẹ̀wé ní kó yẹ ìwé rẹ̀ kẹta, tí kò tíì kọ tán, wò. Bí Dókítà bá ní ó dára, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ni yóò máa kà á. Tíṣà ni Deborah. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti há. Nínú ìtàn náà, obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú wọ ọkọ̀ tí èéfín ń tù, ó la odò tó ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ kọjá, ó ń wá ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Ìwé kejì parí sí ẹnubodè ìlú àwọn òkú. Dókítà fẹ́ kí obìnrin náà yí padà nínú ìwé kẹta.

"Ẹ lè fi ìyẹ́ sí ẹja lára, Mísìs Akínọlá, n ò ní bá yín jà," ó wí lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ lè ní kí òkúta bímọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá yìí. Òbí kì í rí ibojì ọmọ. Ìyá wo lẹ rí tó débẹ̀ rí?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àtàndá, tó ń darí ìjókòó, kọjú sí Deborah. "Mà, ẹ ó fèsì?"

Deborah fa máìkì mọ́ra. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin ìjọ méjì gbé òkú Lọ́lá, ọmọ Deborah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àwọn obìnrin di òun mú ní yàrá. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà padà dé, wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ wọn, kó má baà rí àwọ̀ erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Títí dòní, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ọkàn òbí má baà máa padà síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ti Deborah kú, ó sì tún nù.

Kò sọ èyí ní ìpàdé kankan rí. Èsì tó mú wá ni pé òótọ́ ni Dókítà sọ, òun yóò yí i padà. Ó ti la ẹnu nígbà tí obìnrin kan dìde láàárín èrò.

"Ẹ má bínú o. Àpèkẹ́ lorúkọ mi, mo ń ta bàtà ní Òkòkómáíkò."

"Ìyá oníbàtà," ni Àtàndá wí, "àsìkò ìbéèrè kò tíì tó."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ ra bàtà ni?"

Ẹ̀rín sọ. Àpèkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"N ò mọ̀wé kà. Àkànjí ọkọ mi ló ń kà á sí mi létí nírọ̀lẹ́, tí a bá ti kírun tán. Àmínà mi kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó ti ọjà dé. N ò mọ ibẹ̀, n ò sì ní béèrè, èèwọ̀ ni, n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n èmi náà wọ ọkọ̀ yẹn. Mo ti dé ẹnubodè, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń dúró. Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa padà sílé ni?"

Dókítà Ìgè bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "A ò bá yín wí, ìyá. Ọ̀rọ̀ ìwé là ń sọ."

"Ọ̀rọ̀ ìwé lèmi náà ń sọ."

Deborah gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú máìkì, ó kéré.

"Wọn ò fi ibojì ọmọ tèmi náà hàn mí. Òótọ́ lẹ sọ, Dókítà, òbí kì í rí i. Ìdí tí mo ṣe lọ dá ìlú tí kò sí sílẹ̀ nìyẹn. Tó bá ṣeé ṣe ní Ìbà ni, ǹ bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ, n ò ní kọ nǹkan kan."

"Ẹ mọ̀ pé n ò ní lè fọwọ́ sí i fún ilé ẹ̀kọ́."

"Mo mọ̀, sà." Ó sì dùn ún. Ó kọjú sí Àpèkẹ́. "Ó máa wọlé."

"Kí ló bá níbẹ̀?" Àpèkẹ́ kò tíì jókòó.

Deborah kò tíì kọ ọ́. "Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ibodè," ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, "ó ń fi èémí hun ẹní. Kò gbójú sókè. Ó ní, 'Ta ló júwe ibí fún ọ?' Ìyá ọmọ ní, 'Wọn ò júwe.' Ó ní, 'Báwo lo ṣe wá mọ̀ ọ́n?' Ìyá ọmọ ní, 'Gbogbo ibi tí wọ́n ní kí n má wò ni mo tẹ̀lé.'"

"Ẹn-ẹn," ni Àpèkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ó wá ńkọ́?"

Àkókò ti tó. Àtàndá mú agogo kékeré iwájú rẹ̀, ó wo ojú àwọn èrò, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó kó má baà dún.

"Obìnrin náà sún fún un lórí ẹní. Ó ní, 'Jókòó. Báwo lọmọ rẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín? Rín in kí n gbọ́. Bó bá jọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣílẹ̀kùn.'"

Àpèkẹ́ rọra jókòó.