Kànga Ìyá Abdulhafeez

"Obìnrin náà ń da ìdọ̀tí sẹ́bàá kànga ara rẹ̀," ni Dókítà Ayọ̀kúnmi wí, "kò mọ̀ pé ẹnu ọmọ òun lòun ń dà á sí."

Gbọ̀ngàn tó wà ní Àgọ́ Palace kún fọ́fọ́. Onímọ̀ omi, lọ́yà, oníṣègùn, gbogbo wọn ni wọ́n pè kí ìtàn lè mú ìmọ̀ àyíká yé wọn. Lọ́yà kan ti ń nu ojú. Ní ìlà iwájú, Ìsíátù, ìyá Abdulhafeez, la ẹnu sílẹ̀. Ìtàn tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò mọ obìnrin inú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ní Ṣógúnlé ni wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Ayọ̀kúnmi fúnra rẹ̀ ló bu omi kànga lọ fún àyẹ̀wò, òun ló padà wá sọ pé òjé ibẹ̀ ló ń fa inú rírun Abdulhafeez, òun ni kò jẹ́ kí ìwé wọ̀ ọ́ lórí mọ́. "Màámi, ẹ sọ ìtàn yín fún mi. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbọ́ ọ, wọ́n á ti ibi ìyọ́-òjé náà pa." Opó náà gbà á gbọ́. Ó se ìrẹsì fún un, ó sọ ohun tí kò sọ fún àna rẹ̀ rí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, àṣé ata ló fi sẹ́nu.

Nígbà tí ìpàdé parí, Ìsíátù ká Dókítà náà mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Ayọ̀kúnmi, bátìrì dà nínú ìtàn náà?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Owó àwọn oníbátìrì la fi ṣe ìpàdé yìí." Kò lè wo ojú rẹ̀. "Mi ò ṣáà dárúkọ yín."

"Àwòrán ilé mi tẹ́ ẹ gbé sára ògiri ńkọ́? Ta ni ò mọ géètì mi ní Ṣógúnlé?"

Inú Ìsíátù bàjẹ́ ju ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú lọ. Ikú ò kúkú pè é ní màámi rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó fi kọnkéré bo kànga náà. Wọn ò yọjú wo ẹ̀yìn ògiri. Àánú wá ṣe àwọn oníbátìrì, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sẹ́nu géètì tiwọn fún àdúgbò, èéfín sì ń rú lọ lókè.

Nígbà tí Ìsíátù gbé kẹ́ẹ̀gì dé ibẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Mardiyah, tí ìtàn Dókítà ti dé etí rẹ̀, sáré fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ náà.

"Ìyá Abdulhafeez, ẹ dákun, ẹ dúró sẹ́yìn. Ẹ má tún ba èyí jẹ́ fún wa."